Fíìmù ẹ̀rù tó ń wọ ọkàn lọ: èwo ni kẹ́ ẹ mú nínú méjì-méjì yìí?

Tí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ti ń rán aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, àwọn àbúrò mi á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Àǹtí, fíìmù ẹ̀rù wo la máa wò tá a bá délé, a máa pọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún wa ní ti ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n ń fi àáké lé èèyàn kiri. Èmi náà á bi wọ́n pé irú ẹ̀rù wo gan-an lẹ fẹ́. Wọ́n á ní ẹ̀rù kẹ̀, ṣé ẹ̀rù náà tún pín sí oríṣi ni. Ó pín sí oríṣi o. Ẹ̀rù kan wà tí nǹkan á kàn yọ gbàù, gbogbo ilé á pariwo, ẹ̀rín á tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ tó bu ìkọ́kọrẹ́ tán ẹ ti gbàgbé. Òmíràn wà tó jẹ́ pé fíìmù ti parí, orúkọ àwọn òṣèré ti ń kọjá lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ ṣì jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde lọ tan iná ẹ̀yìnkùlé. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni mò ń sọ, èyí tí ọ̀rọ̀ iwin inú ẹ̀ kì í mọ sórí iwin, ìbànújẹ́ tí èèyàn ò rẹ́ni bá sọ ọ́ ló wà nídìí ẹ̀, tàbí ẹ̀bi, tàbí ìlara, tàbí ìfura láàárín tọkọtaya.

Mo to àwọn fíìmù náà ní méjì-méjì torí tẹ́ ẹ bá wò wọ́n lókèèrè ẹ máa rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọ̀kan bá ṣe láǹfààní, èkejì lè kó o sí wàhálà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò ní sọ ìparí ìkankan nínú wọn, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí mo fi ń yàn ò ju pé níbo ni ẹ̀rù yẹn ń gbé: ṣé inú ẹni tó ń bẹ̀rù ni, àbí ìta ló ti wá bá a, àbí fíìmù náà mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, kò sọ fún wa. Ní tèmi, àwọn tó kọ̀ tí wọn ò sọ yẹn ni wọ́n dáa jù, màá dé ibẹ̀.

Obìnrin tó bá dàgbà sí Rẹ́mọ mọ ohun tí mò ń sọ, kódà kó má wo fíìmù ẹ̀rù kankan rí. Lálẹ́ orò ní Ṣàgámù, wọ́n ti kéde láti ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà ti ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti fa kọ́tìnì, wọ́n ti pa rédíò, àwa obìnrin àti ọmọdé á wà nínú yàrá kan ṣoṣo. Ohùn yẹn á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà Màkún, á jìnnà, á tún sún mọ́, ìgbà míì á dà bíi pé abẹ́ fèrèsé wa gan-an ló wà. Kò sẹ́ni tó fojú rí nǹkan kan nínú wa, ṣùgbọ́n oníkálukú ti ya àwòrán tiẹ̀ sórí. Bí àwọn olùdarí fíìmù tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ohun tí wọn ò bá fi hàn ọ́, orí ìwọ fúnra ẹ ló máa fi hàn ọ́, orí ẹ sì mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù ju ẹnikẹ́ni ní Hollywood lọ. Nítorí náà tí fíìmù kan bá ti gbé iwin ẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, tó ń fi eyín ẹ̀ hàn wá, èmi ti fura sí i nìyẹn.

The Babadook (2014) àbí Hereditary (2018)

Fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ẹni tó darí wọn máa ṣe ni méjèèjì. Jennifer Kent ará Ọsirélíà ló ṣe The Babadook, Ari Aster ará Amẹ́ríkà ló ṣe Hereditary. Ìyá ọmọ ló wà láàárín méjèèjì, ọ̀rọ̀ òkú ló sì wà nídìí méjèèjì, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń dárúkọ wọn pọ̀.

Opó ni Amelia nínú The Babadook. Ọkọ ẹ̀ ló ń wa mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù kó lè lọ bímọ, jàǹbá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ọkọ kú, ìyàwó bímọ. Ọjọ́ ìbí ọmọ yẹn, Samuel, náà ni ọjọ́ ikú bàbá ẹ̀, ìyá ẹ̀ ò sì lè ṣe ọjọ́ ìbí fún un lọ́jọ́ náà gan-an rí. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó rẹ̀ ẹ́, ọmọ kì í sùn, ọmọ ń pariwo pé nǹkan kan wà nínú ilé. Lálẹ́ ọjọ́ kan ọmọ yọ ìwé kan lórí ṣẹ́ẹ̀fù pé kó ka ìtàn fún òun, ìwé tí àwòrán inú ẹ̀ máa ń nà dìde tẹ́ ẹ bá ṣí i. Ẹ ṣọ́ ojú òṣèré tó ń jẹ́ Essie Davis yẹn bó ṣe ń kà á, ẹ gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń mọ̀ pé ìwé ọmọdé kọ́ lòun ń kà. Ó ya ìwé náà dànù. Ìwé náà tún padà wá sẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bébà kọ̀ọ̀kan, àwòrán tuntun ti wọ inú ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sì wà nínú àwòrán náà tó ń ṣe ohun tí ìyá kan ò gbọ́dọ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ n dúró lórí èyí díẹ̀, torí ó kàn wá. Àwa Ìjẹ̀bú mọ òkú ṣe, ẹnikẹ́ni ò lè bá wa du ìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé ẹ ò ní rí ọ̀nà gbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kánópì láti òpin àdúgbò dé òpin àdúgbò, aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́rin, gbajúmọ̀ olórin á wà lórí ìjókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n á ti ká kánópì, wọ́n á ti kó àga lọ, á wá ku opó àti àwọn ọmọ ẹ̀ nínú ilé. Ẹni tó bá rí i á ní kó fara dà á, Ọlọ́run á tù ú nínú, tó bá tún sunkún lẹ́yìn ọdún mẹ́ta wọ́n á ní kí ló dé, ṣé ó fẹ́ bá olóògbé lọ ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Amelia dákẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọkọ ẹ̀ sétí òun, gbogbo aṣọ ọkùnrin yẹn wà ní títì pa sínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé. Ibẹ̀ ni nǹkan dúdú yẹn ti ń jẹun. Ṣé ó wà lóòótọ́ ni, ṣé orí obìnrin yẹn ló ti dàrú nítorí àìsùn, fíìmù náà fún yín ní ẹ̀rí fún méjèèjì, ẹ sì lè jiyàn dọ́la.

Hereditary ní tiẹ̀, ìyá Annie ló kú, ìyá tí òun àti ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ Annie ni kó máa ṣe ilé kéékèèké, pẹ̀lú àga, bẹ́ẹ̀dì àti èèyàn inú ẹ̀. Bí fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà ń sún mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé kéékèèké yẹn, ó wọ yàrá kan, àfi bí ilẹ̀kùn yàrá ṣe ṣí tí èèyàn gidi wọlé wá jí ọmọ tó sùn síbẹ̀. Láti orí yẹn lara mi ti ṣe gììrì, torí wọ́n ti sọ fún wa pé ẹnì kan ló ń to àwọn èèyàn yìí bó ṣe wù ú. Toni Collette ló ṣe Annie, sínì kan sì wà nídìí tábìlì oúnjẹ, òun, ọkọ àti ọmọkùnrin ẹ̀, kò sí iwin níbẹ̀, kò sí òkùnkùn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, èmi ò mọ sínì tó le jùyẹn lọ nínú gbogbo fíìmù náà, pẹ̀lú gbogbo ohun tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa yàn? Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹnì kan, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ, ẹ má fọwọ́ kan Hereditary lọ́dún yìí, mi ò fi ṣeré rárá. Ó ju wákàtí méjì lọ, kò sì fún èèyàn ní ibi tó lè mí sí. The Babadook kò tó bẹ́ẹ̀ gùn, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan àbọ̀, obìnrin tó ń dá tọ́mọ lè wò ó kó sì rí i pé ẹnì kan mọ ohun tí ojú òun ń rí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jẹ́ irú ẹni tó fẹ́ràn kó tún fíìmù wò lẹ́ẹ̀kejì láti wá ohun tí wọ́n ti fi pa mọ́ síbẹ̀, àmì lára ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ha sára ògiri, Hereditary ni kẹ́ ẹ mú. Kò sí ibi tẹ́ ẹ máa wò tí wọn ò ti fi nǹkan síbẹ̀.

His House (2020) àbí Get Out (2017)

Ilé wo ló wà ní Ìjẹ̀bú báyìí tí ẹnì kan ò tíì jápa níbẹ̀? Torí ẹ̀ ni mo ṣe rò pé àwọn méjì yìí lẹ máa kọ́kọ́ wò. Aláwọ̀ dúdú tó wà láàárín àwọn òyìnbó ni ìtàn méjèèjì, ẹ̀rù ń ba aláwọ̀ dúdú náà, àwọn tó yí i ká sì ń sọ fún un pé kò sí nǹkan kan.

Remi Weekes ló darí His House. Tọkọtaya kan, Bol àti Rial, sá kúrò ní Gúúsù Sùdáànì nítorí ogun, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, ọmọbìnrin tó wà pẹ̀lú wọn, Nyagak, bá omi lọ. Wọ́n dé Ìlú Ọba, ìjọba fún wọn ní ilé kan tó ti bàjẹ́, wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Lálẹ́, nǹkan kan ń rìn nínú ògiri. Ọmọ wa ló kó apá tó pọ̀ jù níbẹ̀: Sope Dirisu ni Bol, Wunmi Mosaku tí wọ́n bí sí Zaria tó dàgbà sí Manchester ni Rial, ẹ wò wọ́n dáadáa, ojú obìnrin yẹn nìkan tó fíìmù.

Sínì kan wà tó jẹ́ oúnjẹ lásán. Rial jókòó sílẹ̀, ó ń fọwọ́ jẹun bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílé. Bol ní kí wọ́n jókòó sórí tábìlì kí wọ́n fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́, àwọn ti di ará ibí. Rial ní irin nìkan lòun ń tọ́ wò lẹ́nu. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ti sọ gbogbo ìjà tó wà láàárín wọn, ọkọ fẹ́ gbàgbé, ìyàwó ò fẹ́. Lẹ́yìn náà Bol wá ń jẹun nìkan, kámẹ́rà ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ògiri ilé ṣí, ẹ wá rí i pé àárín òkun ni ọkùnrin yìí jókòó sí tó ń jẹun, àárín òkun lálẹ́. Kò pariwo, kò sí nǹkan tó fò jáde. Mo gbà pé kò sí fíìmù ẹ̀rù kankan láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá tó ní àwòrán tó ju ìyẹn lọ.

Rial ní nǹkan tó wà nínú ògiri tẹ̀ lé àwọn láti ilé ni, ó ń wá gbèsè. Bol ní ilé ló ti gbó. Bíbélì ní ènìyàn búburú ń sá nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lé e, ṣùgbọ́n Bol kì í ṣe èèyàn búburú, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó le. Èèyàn bíi tiwa ni, tó ṣe ohun kan kó lè yè.

Get Out ti Jordan Peele rọrùn láti wò ju ìyẹn lọ, mi ò sì sọ ọ́ láti fi bù ú kù, fíìmù tí wọ́n ṣe dáadáa ni, òun ló gba Oscar ìtàn kíkọ tó jẹ́ ti òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀ lọ́dún 2018, Peele sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gbà á. Chris, tó jẹ́ ayàwòrán, tẹ̀ lé ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó lọ kí àwọn òbí ẹ̀. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá ọmọbìnrin náà ń fi síbí ro tíì nínú ife, ó ń ro ó, ó ń ro ó, ó ń béèrè nípa ikú ìyá Chris, kí Chris tó mọ̀ kò lè gbé ọwọ́ mọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ aláwọ̀ dúdú kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Georgina, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé rárá, rárá, rárá, omijé sì ń dà lójú ẹ̀. Ẹ dá a dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ wo ojú yẹn. Orin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, èdè Swahili ni, ó ń kìlọ̀ fún Chris pé kó gbọ́ ti àwọn àgbà, kó sá, àwọn tó ń wò ní Amẹ́ríkà tí wọn ò gbọ́ Swahili ti gbọ́ ìkìlọ̀ láìmọ̀.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ikú òde ni ti Get Out, àwọn èèyàn gidi tí wọ́n fẹ́ lo ara ẹ, tó o bá ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, o mọ ẹni tó o máa bá jà. Ikú ilé ni ti His House, o ò lè sá fún un torí àpò ẹ lo gbé e sí wọ Ìlú Ọba. Tẹ́ ẹ bá pọ̀ nínú ilé, tí àwọn ọmọ yunifásítì láti Àgọ́-Ìwòyè wà níbẹ̀, Get Out ni kẹ́ ẹ fi sí i, ó ń sáré, ó ní ibi tí ẹ̀rín wà, gbogbo èèyàn á máa pariwo sí Chris pé kó gbéra. His House, ẹ̀yin méjì, tàbí ìwọ nìkan. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lọ́hùn-ún tí kì í gbé ìpè, tó bá tiẹ̀ gbé e á kàn ní gbogbo ẹ̀ wà dáadáa, kó wò ó. Orí Netflix ló wà, ẹ lè wà á sílẹ̀ lóru tí dátà bá dínwó.

Aiyé (1979) àbí The Figurine (2009)

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní Ogunde kọ́, ìyẹn kì í ṣe irú fíìmù tá à ń sọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi síbí ni. Ọmọ Ọ̀sọ́sà ni Hubert Ogunde, ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde níbí, wọ́n bí i lọ́dún 1916, ó kú lọ́dún 1990, kò sí bá a ṣe máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rù nínú fíìmù Yorùbá tá ò ní gba ọ̀nà Ọ̀sọ́sà kọjá. Orí ìtàgé ni Aiyé ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di fíìmù, Ola Balogun ló darí ẹ̀, Ogunde fúnra ẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá tó ń bá àwọn àjẹ́ jà.

Nínú Aiyé, ibi ní ojú. Ẹ rí àwọn àjẹ́, ẹ rí ìpàdé wọn, ẹ mọ ẹni tó ṣe é, ẹ mọ ẹni tó máa gbèjà. Ẹ̀rù ìlú ni, ẹ̀rù tí gbogbo àdúgbò jọ ń bà, orin wà níbẹ̀, ọfọ̀ wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá wò ó pẹ̀lú àwọn àgbà wọ́n á máa gbè é. Iṣẹ́ tí Ogunde fẹ́ kó ṣe nìyẹn, ó sì ṣe é.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ni Kunle Afolayan, ọmọ Ade Love, ṣe The Figurine. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì, Femi àti Sola, wọ́n wà lẹ́nu àgùnbánirọ̀, òjò lé wọn wọ ojúbọ kan tí wọ́n ti pa tì nínú igbó, wọ́n rí ère kan níbẹ̀, wọ́n gbé e. Ère Araromire ni. Ìtàn ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọdún méje ni nǹkan á fi dáa fún un, ọdún méje á sì tẹ̀ lé e tí nǹkan á fi bàjẹ́. Nǹkan dáa lóòótọ́. Ọdún méje pé, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lóòótọ́. Ramsey Nouah ni Femi, Afolayan fúnra ẹ̀ ni Sola, Omoni Oboli ni Mona tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn, Sola ló sì fẹ́ ẹ.

Ibí yìí ni ohun tí mo fẹ́ sọ wà. Ẹ gbé fíìmù yìí síwájú ẹbí yín kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Bàbá kan á ní ère ni, wọ́n jí nǹkan òòṣà, kí ni wọ́n retí. Ọmọ kan á ní Bàbá, ẹ wo ojú Femi nígbà tí wọ́n ń ṣègbéyàwó. Àwọn méjèèjì á mú ẹ̀rí wá látinú fíìmù kan náà, kò sì sẹ́ni tó parọ́. Afolayan ò dá ẹjọ́ yẹn fún yín, ó fi sílẹ̀ sọ́wọ́ yín. Tiwa níbí, a máa ń yára dá ẹjọ́: ọmọ kú, ayé ni, ọkọ ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, ọ̀tá ilé ni, ọmọbìnrin ò fẹ́ jáde nínú yàrá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ọjọ́ tá a bá ti dárúkọ ẹni tó ṣe é la ti dákẹ́ wíwo ẹni tó ń jìyà, kò sẹ́ni tó tún bi í pé kí ló ń ṣe ọ́ gan-an, láti ìgbà wo. Fíìmù ẹ̀rù tó dáa kì í jẹ́ ká dárúkọ yẹn kíákíá. Ó dá wa dúró fún wákàtí méjì lórí ẹni kan, ká wo ọwọ́ ẹ̀, ká wo bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ òòṣà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlara ti wà nílé kí òòṣà tó dé.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ní àgbàlagbà nílé tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbádùn ara wọn, Aiyé. Tó bá jẹ́ àríyànjiyàn lẹ fẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, The Figurine, Yorùbá àti òyìnbó ló dà pọ̀ nínú ẹ̀, gbogbo èèyàn á gbọ́ ọ. Ìdajì fíìmù náà kì í yára, ẹ ní sùúrù fún un, àwọn ọdún tí nǹkan dáa yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti máa ṣọ́ Femi.

The Others (2001) àbí The Shining (1980)

Ilé ńlá, ìdílé kan, kò sí aládùúgbò. Alejandro Amenábar ará Sípéènì ló ṣe The Others, ó gbé e sí erékùṣù Jersey lọ́dún 1945 nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Nicole Kidman jẹ́ ìyá ọmọ méjì tí ara wọn ò gba oòrùn, tí oòrùn bá kàn wọ́n wọ́n lè kú, torí náà gbogbo kọ́tìnì wà ní fífà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn kan kó tó ti èyí tó gbà wọlé. Kọ́kọ́rọ́ rẹpẹtẹ lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ó ń ti, ó ń ṣí, ó ń ti. Ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ rírùn. Òun ni mo máa ń fún ẹni tó ní òun ò lè wo fíìmù ẹ̀rù láéláé, òun sì ni mo máa ń fún àwọn ìyá wa.

The Shining ti Stanley Kubrick, látinú ìwé Stephen King, tutù ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin kan gba iṣẹ́ ṣíṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì nígbà òtútù, òun, ìyàwó àti ọmọ, yìnyín dí ọ̀nà pa. Kékeré lohun tó dẹ́rù bà mí jù níbẹ̀: ọmọ náà ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó bá gorí kápẹ́ẹ̀tì ohùn kẹ̀kẹ́ á pa, tó bá gorí pákó á tún hó, kápẹ́ẹ̀tì, pákó, kápẹ́ẹ̀tì, pákó, kámẹ́rà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ́wọ́ ilẹ̀, ẹ ò sì mọ ohun tó wà ní kọ́nà tó kàn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàbá tó ń mutí tó sì ń na ọmọ ni. Ilé tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ bi ara yín kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Stephen King fúnra ẹ̀ ò fẹ́ràn bí Kubrick ṣe ṣe é, ó ní ọkùnrin yẹn ti dà bí wèrè láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú ẹ̀ lórí ìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè gbójú kúrò lórí fíìmù náà.

Láàárín méjèèjì, The Others ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá yẹn fẹ́ràn àwọn ọmọ ẹ̀, ìfẹ́ yẹn sì ni ẹ̀rù ẹ̀.

Repulsion (1965) àbí Rosemary's Baby (1968)

Roman Polanski ló darí méjèèjì, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Repulsion, ọmọbìnrin kan dá wà nínú fúláàtì ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ gbafẹ́, ehoro tí wọ́n fẹ́ sè ń jẹrà nínú abọ́, ògiri ń sán. Inú orí ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà, dúdú àti funfun ni, ó lọ́ra, ẹni tó ti wo àwọn yòókù ni kó wá síbẹ̀. Rosemary's Baby jẹ́ ti aboyún tó ń fura sí ọkọ ẹ̀, sí àwọn aládùúgbò, sí dókítà, gbogbo wọn sì ń sọ fún un pé oyún ló ń dà á lórí rú. Obìnrin tó bá ti sọ nǹkan tí wọ́n ní "ara ẹ ni" máa mọ ibi tó ń ta á. Aboyún ò gbọ́dọ̀ wò ó o, kó dìgbà tó bá bí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó

Mo mọ bí iná wa ṣe rí. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé, aládùúgbò náà tan tiẹ̀, ẹ wá fẹ́ wo The Others níbẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́. Ìró ẹsẹ̀ lókè àjà, ògiri tó ń mí, ohùn ọmọ Annie tó máa ń fi ahọ́n ta kọ̀ọ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni fíìmù náà. Get Out àti The Figurine lè fara da jẹnẹrétọ̀ torí ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ nínú wọn. Àwọn yòókù, ẹ fi láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ kún wò wọ́n, kẹ́ ẹ pa gbogbo iná, kẹ́ ẹ gbé fóònù sí yàrá kejì, torí ẹni tó bá ń dáhùn WhatsApp ò ní rí ohun tó wà lórí ògiri nínú òkùnkùn nínú Hereditary. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì tẹ́ ẹ ní íyápíìsì kan, ẹ pín in létí kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sí íyápíìsì rárá, ẹ fi His House àti The Shining sílẹ̀ títí NEPA á fi mú iná wá.